Ìyá Ẹja Lake Fork

Ọ̀rọ̀ omi àti ẹja la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n omi náà kò sí nítòsí. Ìpínlẹ̀ Texas ló wà, ní Amẹ́ríkà. Lake Fork ni wọ́n ń pè é.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọdún 1992, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Barry St. Clair wà nínú ọkọ̀ lórí adágún yìí. Ìgbà òtútù ni. Kì í ṣe ẹja ńlá ló wá lọ. Ẹja pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní crappie, tó dùn nínú epo, ló ń dẹ, ẹja ààyè kékeré ló sì fi kọ́ ìwọ̀. Nísàlẹ̀ omi tó jìn ju 40 ẹsẹ̀ bàtà lọ, nǹkan kan gbé ìdẹ náà mì. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, ó wọn pọ́ùn 18.18, ìyẹn kílò mẹ́jọ àti díẹ̀. Ẹja bass ni, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó lè gba ìkúùkù ọmọdé. Láti ọjọ́ náà wá, kò tí ì sí ẹni tó fi ìwọ̀ mú bass tó tóbi jù ú lọ ní gbogbo Texas.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ ìtàn yìí ló ń sọ pé orí ló ṣe é. Òótọ́ ni, orí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń fi omi yẹn jẹun, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọn á ní ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ibi tó jìn gan-an ni àgbà bass máa ń wà. Wọn á ní àwọn ẹja kéékèèké tó ń wọ́ jọ níbẹ̀ ni í máa jẹ. Wọn á ní nínú òtútù, kì í lé nǹkan kan kiri, ohun tó bá kọjá níwájú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń gbé. Ibi tó yẹ, ìdẹ tó yẹ, àkókò tó yẹ. St. Clair kò mọ̀ pé ìyá àgbà bass wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ òun, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà bá ìgbà mu. Bí ìgbà ṣe ń yí, bí ẹja ṣe ń bá a yí, àti iṣẹ́ àwọn atọ́nà tó ń mú èèyàn lọ pẹja, tí wọ́n mọ ìyípadà náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ilé apẹja ni wọ́n bí mi sí, ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà. Àwọ̀n àti ìgèrè ni bàbá mi fi tọ́ wa. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Dallas sọ fún mi pé òun fẹ́ sanwó fún ẹnì kan tí yóò mú wa lọ pẹja, ẹnu yà mí. Ẹja pípa, tí à ń sanwó fún ẹni tí yóò fi omi hàn wá? Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ló ń fi omi han ọmọ. Ìgbà tí a dé orí adágún náà ni ó tó yé mi. Ẹni tí kò ní bàbá lórí omi kan ló ń yá bàbá níbẹ̀ fún ọjọ́ kan. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn mọ́.

Kì í kúkú ṣe ẹni tó bá wù ú ló lè ṣe iṣẹ́ náà ní Texas. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́, ẹranko àti ẹja, Texas Parks and Wildlife, ló ń fún atọ́nà ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń gba owó mú èèyàn lọ dẹ odò láìní ìwé yìí ti rú òfin.

Ọkọ̀ atọ́nà tiwa rí pẹlẹbẹ, kò ga sí omi rárá. Ẹ́ńjìnnì ńlá kan wà nídìí rẹ̀ tó ń mú un fò lójú omi bí àṣá. Ní orí ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré mìíràn wà tó ń lo bátìrì. Èyí kì í pariwo. Ẹsẹ̀ ni atọ́nà fi ń darí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè mú ọ̀pá ìpẹja. Ẹ̀rọ kan bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré wà níwájú rẹ̀, ó ń fi bí omi ṣe jìn tó hàn, ó ń fi bí ó ṣe gbóná tó hàn, ó sì ń fi igi àti òkúta tó wà nísàlẹ̀ hàn. Mo rántí bàbá mi tó máa ń ti ọ̀pá gígùn bọ omi láti mọ bí ó ti jìn tó, tí yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú omi kó tó sọ̀rọ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè lọ́wọ́ omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí adágún náà ṣe dé ibẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò lè mọ ìdí tí ẹja rẹ̀ fi tóbi. Lake Fork kì í ṣe omi àdáyébá. Odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ sínú odò Sabine ni wọ́n sé láti lè rí omi fún àwọn ìlú, Dallas náà sì wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n parí dáàmù náà, ó sì di ìparí 1985 kí omi tó kún dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Ilẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀ lé ní éékà 27,000.

Kí omi tó dé, ilẹ̀ oko àti pápá màlúù ni ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti gbẹ́ adágún kéékèèké káàkiri tí màlúù wọn ń mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹja ìjọba wá ronú ohun kan tó jọ mí lójú púpọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bass tó ti Florida wá máa ń tóbi ju ti Texas lọ. Wọ́n kó àwọn ọmọ bass Florida sínú adágún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa dàgbà níbẹ̀. Nígbà tí omi dáàmù gòkè wá tó bo oko, ẹja ti wà nílé ṣáájú, omi ló wá bá wọn. Wọ́n tún fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi sílẹ̀ lóòró láìgé. Títí di òní, àwọn igi gbígbẹ ṣì dúró ṣánṣán nínú omi náà bí òpó ilé tí òrùlé rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ní láti fi àmì sí ojú omi kí ọkọ̀ lè mọ ọ̀nà tí kò ní forí sọgi. Ewu ni igi wọ̀nyẹn fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilé ẹja. Bass kì í sá tẹ̀ lé oúnjẹ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Yóò sá pamọ́ sẹ́bàá igi tàbí sábẹ́ ewé, yóò dúró, yóò sì já lu ohun tó bá ń kọjá.

Oṣù Ẹrẹ́nà la lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi kúrò létí omi. Mo rò pé atọ́nà yóò sá lọ sí àárín adágún, níbi tó jìn. Kò lọ. Ó wo nọ́ńbà kan lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní omi ti wọ digíríì 62 lórí ìwọ̀n Fahrenheit tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ìyẹn nǹkan bíi digíríì 17 lórí ìwọ̀n tiwa. Ó yí ọkọ̀ padà sí apá àríwá, sí kọ̀rọ̀ omi kan tí igbó yí ká, tí afẹ́fẹ́ òtútù kò lè fẹ́ dé. Ó ní apá yẹn ni oòrùn kọ́kọ́ máa ń mú gbóná. Omi ibẹ̀ kò ju ìbàdí lọ.

Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀. Ó yá mi ní awò kan tí kì í jẹ́ kí ojú omi dán sí èèyàn lójú. Mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí òbìrípo kan lórí iyanrìn, ó funfun ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ, ó tó abọ́ ìfọṣọ. Ẹja kan wà lórí rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kúrò níbẹ̀.

Akọ ni. Bí omi bá ti gbóná dé ìwọ̀n yẹn, akọ bass ló máa ń kọ́kọ́ wá sí etí omi. Ìrù rẹ̀ ni yóò fi gbá ẹrẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ yóò fi hàn. Nígbà tó bá tọ́jú ilé tán ni ìyá yóò tó ti inú omi jíjìn wá, pẹ̀lú ikùn tó kún. Yóò yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbẹ̀, nígbà mìíràn yóò sì yé ìyókù sínú ilé akọ mìíràn. Lẹ́yìn náà yóò padà síbi tó jìn lọ sinmi. Bàbá ló ń ṣọ́ ẹyin. Kì í jẹun dáadáa ní gbogbo àkókò yẹn. Ìrù rẹ̀ ni yóò máa fi fẹ́ omi tuntun sí wọn, tí yóò sì máa lé gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ tòsí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọn á pa, síbẹ̀ kò ní lọ. Yóò máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó wọ́ jọ bí èéfín dúdú nínú omi, ó di ìgbà tí wọ́n bá lè dá sá fúnra wọn.

Ìgbà tí atọ́nà ń sọ èyí, ọkàn mi lọ sílé. Irú ẹpìyà kan wà nínú ọ̀sà tiwa tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọmọ Badagry, ẹ̀yin ará Kútọnu, ẹ mọ̀ ọ́n. Akọ ẹpìyà yẹn ló máa ń gbé ẹyin sẹ́nu títí wọn yóò fi pa. Bàbá mi fi hàn mí nígbà tí mo wà ní kékeré: ó la ẹnu ẹja kan, ẹyin tú jáde sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì dárò. Mi ò mọ ìdí tó fi dárò nígbà náà.

Àwọn ẹja kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní bluegill, tí ìrísí wọn jọ ti ẹpìyà, ń rìn yí ilé bass náà ká. Wọ́n ń retí. Atọ́nà ní bí a bá mú bàbá yẹn kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, wọ́n á ti jẹ ẹyin náà tán. Àwọn apẹja kan kì í dẹ ẹja tó wà lórí ẹyin rárá. Àwọn mìíràn ń dẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á dá a padà lójú ẹsẹ̀, níbi tí wọ́n ti mú un gan-an. Òfin Texas kò ka èyíkéyìí nínú méjèèjì léèwọ̀. Tí ẹ bá bi mí, ẹ fi bàbá sílẹ̀ nídìí ilé rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ wá yé àti àwọn tó yé tán pọ̀ lágbègbè yẹn tó èyí tí ẹ lè dẹ.

Ohun tí a fi dẹ̀ wọ́n ni ekòló rọ́bà, tó gùn tó ìka ọwọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ mọ́ ìwọ̀ dára púpọ̀, Texas ni wọ́n sì fi sọ orúkọ rẹ̀: Texas rig. Òjé kékeré kan tó ṣe ṣóńṣó bí ọta ìbọn yóò kọ́kọ́ wọ inú okùn, kí ìwọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ó gún ìwọ̀ gba orí ekòló náà, ẹ ó yí i padà, ẹ ó sì fi ṣóńṣó rẹ̀ pamọ́ sínú ara rọ́bà. Nítorí pé ṣóńṣó kò yọ síta, ìdẹ náà á gba inú koríko àti ẹ̀ka igi kọjá láìkọ́ wọn. Ìgbà tí ẹja bá gbé e, tí ẹ sì fà á, ni ìwọ̀ yóò tó yọ jáde nínú rọ́bà wọ ẹnu ẹja. Ó bá Lake Fork mu, nítorí ìwọ̀ tó bá yọ ṣóńṣó síta níbẹ̀, igi ni yóò máa mú bọ̀.

Ẹja méjì àkọ́kọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí a ṣe ń fa àrọ̀ ni mo fà wọ́n, bí okùn ṣe mì báyìí ni mo já a. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bàbá Kékeré, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kó gbé e lọ díẹ̀.” Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dúró. Okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìmì, bí ẹni tó ń yọ́ ìdẹ náà gbé. Mo wá fà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja yẹn fò jáde kúrò lójú omi, ó la ẹnu, ó ń gbọn orí, omi fọ́n ká bí òjò. Mo ti rí ẹja ńlá láyé mi, ṣùgbọ́n inú àwọ̀n ni mo ti ń rí wọn. Èyí bá mi jà.

Atọ́nà fi omi rin ọwọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ní ọwọ́ gbígbẹ máa ń há ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja kúrò, ohun yẹn ló sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn. Ó fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀ ró. Àgbà ẹja tí a bá fi ètè nìkan gbé sókè, tí ara rẹ̀ ń fì, àgbọ̀n rẹ̀ lè yẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí ìwọ̀n: íǹṣì 22. Abo ni, ikùn rẹ̀ kún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ ata àti ìkòkò. Atọ́nà kò fún un lésì, ó ti gbé ẹja náà padà sínú omi.

Òfin Lake Fork ni. Lórí adágún yẹn, bass tó bá gùn láàárín íǹṣì 16 sí 24 kò gbọdọ̀ wọ inú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni dúró. Ẹ ó dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tí kò ju 16 lọ, ẹ lè mú un lọ sílé, èèyàn kan sì lè mú márùn-ún lóòjọ́. Nínú márùn-ún yẹn, ẹyọ kan péré ló lè tó 24 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rò ó yóò ní òfin náà dorí kodò, ó ní ká jẹ kékeré, ká fi àgbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Akọ bass kì í tóbi púpọ̀. Ẹja tí gbogbo ayé ń sáré wá, tó wọn pọ́ùn mẹ́wàá, mẹ́tàlá, ìyá ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìgbà gbogbo ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dàgbà. Bí a bá ń kó àwọn tó wà lójú ọ̀nà àtidi àgbà jẹ, àgbà kò ní sí. Ní ti àwọn kéékèèké, wọ́n pọ̀, bí a bá sì dín wọn kù díẹ̀, àwọn tó kù á rí jẹ. Àwọn ará Òṣogbo kò ní bi mí léèrè ohun tí mo ń sọ: ẹnì kan kì í dẹ odò nínú igbó Ọ̀ṣun, ẹja ibẹ̀ ń dàgbà, ó ń bí.

Ẹja kan wà tí àwọn atọ́nà Lake Fork kì í gbàgbé. Atọ́nà ni ẹni tó mú un, Mark Stevenson ni orúkọ rẹ̀, ní oṣù Bélú ọdún 1986. Pọ́ùn 17.67 ló wọn, òun ló sì tóbi jù lọ ní Texas nígbà náà, kí ti St. Clair tó dé. Stevenson kò pa á. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ ní ààyè fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹja ìjọba, wọ́n sọ ọ́ ní Ethel. Òun ni ẹja àkọ́kọ́ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní ShareLunker. Ètò náà ni pé bí ẹnikẹ́ni bá mú bass tó tó pọ́ùn mẹ́tàlá, kó yá ìjọba. Wọ́n á gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú, lónìí ní ìlú Athens ní Texas kan náà, wọ́n á jẹ́ kó yé, wọ́n á sì dá ọmọ rẹ̀ padà sínú adágún. Ìyá náà pẹ̀lú lè padà sínú omi tó ti jáde. Ethel kò padà sí Lake Fork. Inú àgbá gíláàsì ńlá kan ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ló lo ìyókù ayé rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń lọ wò ó, ó di ọdún 1994 kó tó kú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú àádọ́ta bass tó tóbi jù lọ tí wọ́n mú ní Texas, èyí tó ju ìdajì lọ ló ti inú Lake Fork jáde. Ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ dára, àmọ́ àwọn tó ń dá ẹja padà ló pa ọlá náà mọ́.

Nígbà tí oòrùn mú, a jókòó sábẹ́ igi létí omi, mo sì bi atọ́nà wa bí ọdún rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó ní oṣù Èbìbí ni òun fẹ́ràn jù. Ẹja ti yé tán, ebi ń pa wọ́n. Àwọn shad, ẹja kéékèèké tó ń dán bí fàdákà, ìbátan ṣáwá tiwa, a máa yé lẹ́bàá etí omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bass á sì dúró dè wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà dẹ odò lórí òṣíbàtà. Wọ́n á jù ú sórí ewé, wọ́n á máa fà á jẹ́jẹ́ láti ewé dé ewé, títí ojú omi yóò fi ya lójijì lábẹ́ rẹ̀.

Láti Òkúdù títí dé Ògún, ooru Texas lè ju digíríì 38 lórí ìwọ̀n tiwa lọ lọ́sàn-án. Òru tàbí ìdájí ni atọ́nà tó gbọ́n ń jáde. Omi náà á pín sí ìpele: ti òkè gbóná, ti ìsàlẹ̀ pátápátá tutù ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹja lè mí kò sí níbẹ̀. Apẹja tó bá sọ ìdẹ rẹ̀ síbẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Àárín ni bass ń wà, lórí òkè kéékèèké abẹ́ omi, lórí ojú ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ tí omi bò, àti lórí ògiri àwọn adágún màlúù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò rí i? Adágún tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ àwọn ìyá ńlá wọn sí ni wọ́n ṣì ń padà sí nígbà ooru. Atọ́nà wa mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ omi bí ẹni mọ iyàrá ilé rẹ̀.

Ìgbà ìwọ́wé ló ní ó le jù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù, omi òkè á wúwo, á rì, á pò mọ́ ti ìsàlẹ̀, ẹja á sì tú ká. Shad á máa wọ inú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wá sínú adágún, bass á tẹ̀ lé wọn. Ó ní òun kì í wo ẹ̀rọ nígbà náà tó bí òun ṣe ń wo ẹyẹ: ibi tí àwọn ẹyẹ ajẹja bá ti ń já lu omi, shad wà níbẹ̀. Ìgbà òtútù, ẹ ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ìtàn St. Clair. Ó kàn yẹ kí n fi kún un pé ẹja tí a bá fà jáde láti ibi tó jìn, àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè wú débi tí kò ní lè rì padà mọ́. Atọ́nà tó mọṣẹ́ mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Láti òpin Ṣẹ́ẹ́rẹ́ wọ Èrèlé, ìyá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ etí omi. Àsìkò tí ikùn wọn wúwo jù nìyẹn, ìgbà náà sì ni àwọn tó ń wá ẹja tó tóbi jù láyé wọn máa ń wá.

Ẹ̀rọ tuntun kan ti dé báyìí tó ń fi ẹja hàn níwájú ọkọ̀ bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn apẹja ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní ó ń mú iṣẹ́ rọrùn, àwọn kan ní kò jẹ́ kí ẹja ríbi sá sí mọ́. Èmi wà lẹ́yìn àwọn kejì. Ẹja tó ti gbé ọdún mẹ́wàá láyé yẹ kó ní ibì kan tí ojú wa kò tó.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Dallas àti ní Houston, tí ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Lake Fork kò jìnnà sí Dallas, kò ju bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Kí ẹ tó gba atọ́nà, ẹ bi í bóyá ọ̀pá, ìdẹ àti epo ọkọ̀ wà nínú owó tó pè, ẹ sì bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìwé àṣẹ tiyín náà ṣe pàtàkì, ti atọ́nà kò dúró fún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún kò nílò rẹ̀, nítorí náà ẹ mú àwọn ọmọ lọ. Èyí tí kò bá tíì pé mẹ́tàlá gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lójú omi tí wọn kò so ó mọ́lẹ̀. Bí àwọn òbí yín bá wá kí yín láti ilé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìdí omi bíi tèmi, ẹ mú wọn lọ pẹ̀lú. Ẹ lọ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Bí atọ́nà bá sì ní kí ẹ dá ẹja padà, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fi omi rin ọwọ́ yín, kí ẹ sì dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.